Ariwo Tó Ń Kùn Nínú Ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan ní ọdún 2008, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun ti mọ ibi tí ariwo náà ti ń wá. Ó ní ohun kékeré ni, ó di ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ fi máa mọ́, ẹ̀gbà ti dá a ní apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ sì ti lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Òun ló kọ́kọ́ fi ìlú wa ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ wá sí Abidjan, nígbà tí èmi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, nígbà tí mo ti wáṣẹ́ wáṣẹ́ nílé tí n kò rí, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bọ̀, mo wọkọ̀, mo sì bá a. Rédíò àti ẹ̀rọ orin ló ń tún ṣe. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ọjà ńlá Treichville, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan: tábìlì kan tí irin gbígbóná ti jó lára káàkiri, àpótí ìjókòó méjì, àti àwọn rédíò tí olówó wọn kò padà wá gbà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ mi mú láti fi hàn mí bí a ṣe ń yọ́ òjé sára wáyà. Bí mo bá ṣe é wúruwùru, kò ní pariwo. Á kàn tú u ká, á ní, “Tún un ṣe.”

Nígbà yẹn, iṣẹ́ pọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn wá, àwọn onílé ọtí náà ń gbé tiwọn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹrù olówó pọ́ọ́kú kún ọjà, tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Ọjọ́ mìíràn wà tí a ó jókòó láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní yà. Àárín ìjókòó yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀rọ agbóhùnsókè tirẹ̀, èyí tó ń lo fáfù. Lámpù ni wọ́n ń pè é ní Abidjan: àwọn ìgò kéékèèké tí iná máa ń pọ́n ní ikùn wọn bí ògúnná tí a fẹ́ atẹ́gùn sí. Láti inú àwọn rédíò àtijọ́ ló ti ń yọ wọ́n, ó ń wé wọn sínú òwú bí ẹyin. Irin ẹ̀gbẹ́ fíríìjì kan tó ti kú ló fi ṣe pẹpẹ tí ó to gbogbo rẹ̀ sí. Tìránsífò rẹ̀, èyí tí iná ògiri máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé, ọwọ́ ló fi wé wáyà rẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tó yí i po sókè ní èdè Faransé. Bí o bá kí i lásìkò yẹn, kò ní dáhùn. Ọwọ́ kan ló máa nà sókè, pé kí o dákẹ́, kí òun má baà gbàgbé iye tí òun kà dé.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ọjọ́rú tí mo ń wí yẹn ló parí rẹ̀. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù orin ìyìn kan sí i, èyí tó ti rà láti ìgbà àpọ́n rẹ̀. Mo ti gbọ́ orin yẹn lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló dà bí ẹni pé obìnrin tó ń kọ ọ́ jókòó sórí àpótí níwájú wa, tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìyá kan tó ń ta kànǹkàn àti ọṣẹ lójúde dìde, ó wá yọjú.

Ṣùgbọ́n bí orin bá ti sinmi díẹ̀, a ó gbọ́ ọ nísàlẹ̀: hùùùn, bí oyin tó wà nínú ògiri. Kò pariwo, kò sì dákẹ́.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ó ń kùn o.”

Ó ní, “Mo gbọ́.”

Ó tẹ etí sí i. Ó mú ẹ̀là igi gbígbẹ kan, ó fi ń ti àwọn wáyà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, rọra, bí ẹni ń wo eyín ọmọ. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín.

“Mo ti mọ ibi tó wà. Ohun kékeré báyìí ni. Ó di ọ̀la.”

Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ náà, a ti ìsọ̀, a lọ wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, lọ sílé ní Abobo. N kò bi í pé níbo. Kí ni mo fẹ́ bi í fún, nígbà tí ọ̀la kò jìnnà?

Àgbàlá kan náà ni a jọ ń gbé, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Abobo Gare. Yàrá méjì ni tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan ni tèmi. Ọmọ Nàgó ni ìyàwó rẹ̀, láti ìhà Pobè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Treichville. Wọn kò bímọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kan ilẹ̀kùn mi.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Kò lè wọ bàtà.”

Mo bá a ní etí ibùsùn. Bàtà kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń wò ó bí ohun tí kò rí rí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pè é, ó wò mí, ó la ẹnu, nǹkan kan jáde tí kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí a gbé e padà wálé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu: “Ó dáa.” Bí ẹ̀kọ bá gbóná jù, á ní ó dáa. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó dáa. Pásítọ̀ ìjọ wa wá gbàdúrà fún un, ó bi í bóyá ó gbàgbọ́ pé òun yóò dìde, ó ní ó dáa, gbogbo ilé pariwo halelúyà. Èmi kò lè gbé ojú sókè. Lọ́jọ́ kan, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n pa fáànù tàbí kí n fi í sílẹ̀, èsì kan náà ló fún mi fún méjèèjì.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbé ẹ̀rọ náà lé itan láti Treichville dé Abobo nínú gbàkà. Mo gbé e ka orí tábìlì ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ní iwájú àga tí a máa ń gbé e jókòó sí. Èrò mi ni pé orin yóò tù ú nínú. Nígbà tí mo tàn án, tí obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ojú ẹ̀gbọ́n mi là. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin sinmi tí kíkùn yẹn dé, iwájú orí rẹ̀ hunjọ, ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀rọ náà.

“Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀ọ̀dá,” ni mo wí. “Màá wá a rí.”

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo ti so nǹkan méjì pọ̀ lọ́kàn mi. Mo ti gbà pé bí mo bá rí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ yẹn, bí mo bá tún un ṣe tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, ọ̀rọ̀ yóò padà sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé wáyà kan ló já. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Iná tó ń ti ògiri wá máa ń gbọ̀n, a sì ní láti sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì kó tó dé ibi tí orin wà. Bí asẹ́ náà bá ti gbó, èérí á bá omi kọjá, òun ni etí ń gbọ́ bí kíkùn. Nítorí náà, asẹ́ ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀. Mo wá kóńdénsátọ̀ tuntun, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ asẹ́ náà, mo fi rọ́pò èyí tí ẹ̀gbọ́n mi lò. Ó ń kùn. Mo tú àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ sínú àwọn lámpù, mo lọ́ wọn pọ̀ méjì méjì bí okùn, kí ọ̀kan lè pa ariwo èkejì. Ó ń kùn. Mo kó gbogbo wáyà ilẹ̀, àwọn tí a so mọ́ irin ẹ̀rọ náà, jọ sí ojú kan. Mo gbé tìránsífò síwájú, mo gbé e sẹ́yìn, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dákẹ́. Mo tẹ etí mi mọ́ aṣọ sípíkà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ariwo pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Àwa méjèèjì dúró, a ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Mo wá mú ìdérí irin ẹ̀rọ náà, mo fi dé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í de ìṣó rẹ̀. Ìṣó kẹta ni mo ń dè nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ìdérí, kò lọ mọ́. Títí di òní n kò mọ ohun tí mo ṣe tó fi dákẹ́, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe tó fi padà.

Nígbà tí ọgbọ́n mi tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Mo yí inú ẹ̀rọ náà sí i, mo fi ẹ̀là igi kan ojúkò kan.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ibí ni?”

“Ó dáa.”

Mo tú u, mo tún òjé rẹ̀ yọ́. Ó ń kùn.

“Ṣé ibí wá ni?”

“Ó dáa.”

Bí a ṣe ṣe é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibì kan nínú ẹ̀rọ náà tí n kò tún yọ́ òjé sí nítorí pé ó ní ó dáa. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bóyá ọ̀kan yóò yàtọ̀ sí èkejì. Ìgbà mìíràn á máa wò mí bí ẹni tí ń gbìyànjú láti gbé nǹkan wúwo láti inú kànga, okùn á gùn, á gùn, ohun tó máa jáde níkẹyìn ni ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò wá. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ń fi aṣọ tútù nu apá rẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ má bínú o. Lánàá mo bi í bóyá èmi ni ìyá tó bí i. Ó ní ó dáa.”

Mo ń yọ́ òjé mi lọ.

Ó tún ní, “Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Tí ẹ bá wọlé, ẹ ó kí i, ẹ ó yí ojú sí ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn yín nìkan ló ń rí.”

Mo ní, “Àǹtí, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é.”

Ó ní, “Mo mọ̀.” Ó fún omi aṣọ náà sínú bàsíà, ó sì jáde.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, kí ni n ó sọ? Òun ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. N kò mọ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí kò lè kọ́ mi ní nǹkan kan mọ́. Nínú ẹ̀rọ náà, ó kéré tán, mo ṣì ń rí ọwọ́ rẹ̀: bó ṣe máa ń tẹ wáyà ní igun gígún, bó ṣe máa ń fi òjé díẹ̀ tó tó. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń dínkù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ tèmi ló ń pọ̀ sí i, tèmi kò sì dára tó tirẹ̀.

Ní 2010, ẹnì kan sọ fún mi pé òyìnbó arúgbó kan wà ní àdúgbò Zone 4 tó mọ̀ nípa lámpù. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ. Yàrá kan nínú ilé rẹ̀ kún fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dán. Ó wọ dígí, ó yí tèmi dojú dé, ó wò ó pẹ́. Ó bi mí ní Faransé pé ta ló kàn án. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ó fi ìka hàn mí. “Ẹni tó ṣe ibí yìí àti ibí yìí mọṣẹ́.” Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí àwọn ibòmíràn. “Ta ló ṣe àwọn wọ̀nyí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó tàn án, ó gbọ́ orin, ó gbọ́ kíkùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé tìránsífò.

“Ó lè jẹ́ pé inú èyí ló ti ń wá. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tó mọ̀, àfi kí a tú u, bí a bá sì tú u, ó lè máà ṣeé dá padà. Gbọ́ mi. Ó ń kọrin. Gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ó máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó sọ, èyí tí mo gbé délé ni pé inú tìránsífò lè jẹ́ ibi tí ó ti ń wá.

Mo tú u ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo fẹ́ máa ka iye ìgbà tí wáyà rẹ̀ yí po bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kà á, kí n lè wé e padà ní iye kan náà. Wáyà náà tinrin bí irun. Mo ti kà dé àárín nígbà tó já. Mo so ó, mo ń bá a lọ, ó tún já ní ibi méjì. Ara rẹ̀ ń bó bí ìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń wo wáyà tó ń dì jọ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, èyí tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wé. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fara balẹ̀, màá wé e padà.”

Mo rí wáyà mìíràn lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń wé mọ́tò fáànù ní Abobo. Ó nípọn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ó nípọn jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn àga ọkọ rẹ̀, mo tàn án.

Àwọn lámpù pọ́n. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Hùùùn. Òun náà ni, kò fi ohunkóhun yàtọ̀. Kò sí nínú tìránsífò rárá.

N kò tíì mí tán nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀, òórùn bí ìgbà tí irun bá jó. Èéfín funfun yọ lábẹ́ irin náà. Mo fà á kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n àwọn lámpù méjì ti tàn gbòò bí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣí fèrèsé, ó ń fi ìborùn lé èéfín. Mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì náà, n kò lè yíjú. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi.

“Ó dáa. Ó dáa. Ó dáa.”

Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbà ti dá a, n kò tíì sunkún.

Lẹ́yìn ìdìbò ìparí ọdún yẹn, ìlú dàrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, ìbọn ń dún ní Abobo lọ́sàn-án gangan. Àwọn aládùúgbò wa ń di ẹrù lé orí, wọ́n ń lọ. Ẹni tó lè rìn rọrùn fún. Tiwa kò lè rìn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun yóò mú un lọ sí ìlú wa, pé kàkà kí ó kú sí abẹ́ ibùsùn, kí ó kúkú kú sílé. Èmi yóò dúró ti ẹrù ná. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ìjọ wa gbé e pẹ̀lú àga rẹ̀ gba kọ̀rọ̀ ilé jáde sí ibi tí takisí lè dé. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ ní Treichville, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo fi ìrọ̀rí ti ìhà rẹ̀. Ó ti fúyẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó máa fi dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé n kò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí, nítorí náà n kò bẹ̀ ẹ́. Mo de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò lọ́nà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n lọ tí èmi náà sá kúrò ní Abobo, mo lọ ń sùn ní ìsọ̀. Nígbà tí ìbọn dákẹ́ tí mo padà dé ilé, wọ́n ti já ilẹ̀kùn gbogbo yàrá. Wọ́n kó ibùsùn, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù. Irin fíríìjì yẹn, pẹpẹ ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n ju sí ìta, òjò ti pa á.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù ní oṣù kẹsàn-án. Ìlà náà kò dára, mo ní láti jáde sójú títì kí n tó gbọ́ ọ. Ó ní ọkọ òun mu ẹ̀kọ díẹ̀ láàárọ̀, pé òun yíjú láti gbé ife sílẹ̀, ìgbà tí òun máa wo ẹ̀yìn, ó ti lọ. Wọn yóò sin ín ní ọ̀la. N kò ní ìwé ìrìnnà, ọ̀nà kò sì tíì já geere. Àwa méjèèjì mọ̀ pé n kò lè dé bá a. Mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Mo ní mo ti jẹun. N kò tíì jẹun láti àná.